Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Tí Kò Jí

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí dá lé kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí a tẹ bọ́tìnì rẹ̀ tí kò dá wa lóhùn. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ló kàn mí níbẹ̀?" Ó kàn yín. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB, tí àwọn ọmọ wa fi ń wọ yunifásítì, ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Láti Ìkìrun dé Ìnísà, láti Òkukù dé Ìgbàyè, ẹ̀rọ yìí ló ń bá àwọn ilé ìtẹ̀wé, ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ pa àkọsílẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìgbàyè nígbà kan. Inú kọ̀ǹpútà ni mo kọ owó gbogbo ènìyàn sí. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún Kérésìmesì pé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ péjọ láti pín owó. Mo tẹ bọ́tìnì. Iná tàn, fáànù ń fẹ́, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ké píìì, ó tún ké, ó tún ké. Bàbá kan wò mí títí, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ̀rọ ló jẹ owó wa ni, àbí ènìyàn?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín. Orúkọ mi ló wà lórí tábìlì yẹn. N óò sọ bí ó ṣe parí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ bí a ṣe ń wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 1946 ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà ńlá kan tí à ń pè ní ENIAC han aráyé ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ó wúwo tó ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù, gílóòbù bí 18,000 ló sì wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń tàn án tàbí tí wọ́n bá ń pa á gan-an ni àwọn gílóòbù yìí máa ń jó jù, nítorí náà ni wọn kì í fẹ́ pa á rárá. Ní ọdún 1947, ní Yunifásítì Harvard, ẹ̀rọ mìíràn dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u wò, àfòpiná kan ni wọ́n bá tó há sínú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé iṣẹ́ wọn. Bí àfòpiná bá dá ẹ̀rọ àwọn ọ̀mọ̀wé dúró, kí ni ọmọńlé, eèrà àti aáyán ilé wa kò lè ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ béèrè irú ìkọ̀ tí ẹ̀rọ náà kọ̀. Bí kò bá sí iná kankan, tí fáànù kò sì fẹ́, ọ̀ràn iná mànàmáná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi fìtílà oníná dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ ti orí wáyà wọlé dáadáa lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ wo bọ́tìnì kékeré tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, tí a kọ 0 àti 1 sí: 1 ni kí ẹ tẹ̀ wọlé. Lára ẹ̀rọ mìíràn, bọ́tìnì pupa kan tún wà tí a kọ 115 àti 230 sí. Iná 230 ni ti Nàìjíríà. Ẹni tó bá yí i sí 115 tó sì tan iná sí i, àfàìmọ̀ ni kò ní jó àpótí iná náà. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, iná wà, ṣùgbọ́n kò lágbára. Bí gílóòbù ilé bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ má tan kọ̀ǹpútà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ kí ó tún kú, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Sítébíláísà tó dára ń bá wa tọ́jú èyí. Ẹ̀rọ UPS sì ń fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti pa kọ̀ǹpútà wọ́ọ́rọ́ nígbà tí iná bá lọ lójijì.

Bí fáànù bá ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú, ẹ rántí pé ojú náà ní wáyà iná àti bọ́tìnì tirẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gbé àpótí kọ̀ǹpútà lọ sí Òṣogbo, tó san owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé wáyà ojú rẹ̀ ló tú nílé. Ẹ yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti gbogbo ohun tí a fi há a lẹ́yìn, kí ẹ tún tàn án wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fetí sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ẹni tó jí láàárọ̀ tó ń na ọwọ́ na ẹsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, igbe kúkúrú kan túmọ̀ sí pé àlàáfíà ni. Igbe gígùn léraléra sábà máa ń tọ́ka sí pátákó ìrántí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní RAM. Ṣùgbọ́n igbe ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà ẹ wo ìwé tó bá a wá.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, kí ó kọ́kọ́ yọ wáyà iná, kí ó tún tẹ bọ́tìnì ìtanná kí èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè lọ, kí ó sì fọwọ́ kan irin àpótí náà. Ẹ má ṣe ṣí àpótí iná tó wà nínú rẹ̀ láéláé. Ó lè gbé ènìyàn bí a tilẹ̀ ti yọ wáyà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ yọ pátákó ìrántí, ẹ nù ún, ẹ tì í padà títí yóò fi dún kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ àti aago ló ń ṣìnà ní gbogbo ìgbà tí a bá tàn án, bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ tó wà níbẹ̀ ló ti kú. CR2032 ni orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kò sì wọ́n.

Ọ̀kan ṣì kù tó léwu. Bí ẹ bá gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ láti inú dísìkì, ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má tàn án mọ́. Bí ẹ bá ṣe ń tàn án tó ni ó lè máa bàjẹ́ sí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gbé e fún, kí ẹ sì sọ fún un pé àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ ń fẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ohun kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí nǹkan márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó wo àìsàn náà sàn.

Ó wá ku ìtàn tèmi. Ọmọkùnrin kan tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá sí ìpàdé ló bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ ṣe sí i láti ìgbà tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn?" Mo ronú. Lánàá ọjọ́ náà ni a gbá yàrá, tí a wọ́ tábìlì láti igun kan sí èkejì. A ṣí àpótí, pátákó ìrántí ti yẹ̀ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. A tì í wọlé. Kọ̀ǹpútà ké lẹ́ẹ̀kan péré, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Owó pé pérépéré, bàbá yẹn náà sì gba tirẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, oṣù kan kò kọjá kí n má tẹ àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sórí ìwé, kí n sì fi ẹ̀dà mìíràn sínú fláàṣì tí akápò ń tọ́jú nílé tirẹ̀. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ẹ̀rọ tó kú ṣeé tún rà. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ènìyàn ní nínú wa ni kò sí lọ́jà.