Ọjà Tí Ó Wọ Inú Ilé



Ẹni tí ó bá ti dé Ìdúmọ̀tà rí kì yóò gbàgbé ariwo ibẹ̀: aláṣọ ń pe oníbàárà, aláàárù ń kígbe pé kí a yà fún òun. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2020, ariwo náà rọlẹ̀. Àrùn Kòrónà ti wọ ìlú. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì pàṣẹ kí a ti ọjà, àfi ti oúnjẹ, oògùn àti ohun kòṣeémánìí. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà, òfin kónílé-ó-gbélé ti Ìjọba Àpapọ̀ mú Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí dẹ ẹ́.

Àjàkálẹ̀ àrùn kò ṣàjèjì sí Èkó. Ní ọdún 1918, ọkọ̀ òkun gbé àrùn ọ̀fìnkìn ńlá wọ èbúté rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ó bá ti ìsọ̀ ti ti òwò pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, aláṣọ a ya àwòrán aṣọ, a fi í ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù, owó a sì gba báńkì wọlé. Akọ̀wé pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nínú yàrá rẹ̀.

Ìrọ̀rùn ni, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ọjà Ìdúmọ̀tà a máa tú ní ìrọ̀lẹ́. Ọjà inú tẹlifóònù kì í tú. Nítorí náà, ẹ fún iṣẹ́ inú ilé ní agogo ìbẹ̀rẹ̀ àti agogo ìparí. Ẹ má ṣe ṣe é lórí ibùsùn. Ọrùn àti ẹ̀yìn ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ máa dìde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rìn yí àgbàlá ká. Ẹ jẹun ní àsìkò oúnjẹ, kì í ṣe nígbàkígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó ṣeé gbé wọlé. Aláàárù kò lè fi tẹlifóònù ru ẹrù. Ohun tí ó bá rí lóòjọ́ ni ó ń jẹ. Ní ọ̀pọ̀ agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó, ìdílé púpọ̀ ni ó ń lo ẹ̀rọ omi kan. Ìtakété síra ẹni kò rọrùn níbẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọṣẹ àti fèrèsé ti wúlò jù. Ọ̀rá ni ó bo kòkòrò Kòrónà lára; ọṣẹ a máa tú ọ̀rá náà, bí a bá fi fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ a sì máa jẹ́ kí èémí aláìsàn bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé pàjáwìrì Kòrónà ti parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, Erékùṣù Èkó sì wà lára ibi tí ó ti mú ènìyàn. Omi ẹlẹ́gbin àti ọwọ́ àìfọ̀ ni ọ̀nà rẹ̀. Ọṣẹ kan náà ni ó ń bá àrùn méjèèjì jà.

Ẹ̀yin ará, ẹ dá bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọṣẹ padà sí ẹnu ọ̀nà: ti ilé, ti ìsọ̀, àti ti ilé ìkàwé yìí pẹ̀lú. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.