Yàrá Ọ̀fẹ́ àti Iṣẹ́ Ilé: Àdéhùn Tí Ó Yẹ Kí Òbí àti Onílé Jọ Ṣe
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí, àwọn onílé àti àwọn olùkọ́)



Nígbàkúùgbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ kan máa ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Àkúrẹ́ àti ní Èkó, pẹ̀lú àpò kan lọ́wọ́ àti àgbàlagbà kan tí ó mú wọn dání. Kì í ṣe ilé baba wọn ni wọ́n ń lọ. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ni, tàbí ilé olùkọ́, tàbí ilé obìnrin oníṣòwò kan tí ó mọ ẹni tí ó mọ baba wọn. Àdéhùn tí ó gbé wọn dé ibẹ̀ kì í sábà ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ bá wa gbà á sọ́dọ̀, ẹ fún un ní ibi tí yóò máa sùn, ẹ jẹ́ kí ó kàwé, òun náà yóò sì máa ràn yín lọ́wọ́ nínú ilé." Onílé a dáhùn pé kò burú. Wọn a mu omi, wọn a dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ẹni tí ó mú ọmọ wá a sì padà sí oko.

Nínú gbólóhùn kan yìí, wọ́n ti sọ ohun tí ọmọ yóò rí gbà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ iye ohun tí yóò fi san án padà. Yàrá ní ògiri mẹ́rin, ojú sì lè wọ̀n ọ́n. "Ràn yín lọ́wọ́" kò ní ògiri kankan. Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Àṣà náà kò burú ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Wọ́n gbà pé ọmọ tí ó bá dàgbà lọ́wọ́ ìyá tí ó bí i nìkan lè di àkẹ́bàjẹ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, kí ó lè mọ̀ pé a kì í jókòó kí oúnjẹ máa wá bá ni. Nígbà tí àwọn òyìnbó ìjọ Ọlọ́run dé, wọ́n bá àṣà yìí nílẹ̀, wọ́n sì lò ó. David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní ọdún 1853, inú ilé wọn ní Kúdẹtì gan-an ni àwọn ọmọ mélòó kan sì ń gbé, tí ọmọ ìjòyè wà nínú wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìwé, tí wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti ìtọ́jú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni gbígbé lọ́dọ̀ oníwàásù, àti lẹ́yìn náà gbígbé lọ́dọ̀ tíṣà, ṣe di ọ̀nà tí ọmọ aláìní fi ń dé iwájú pátákó ìkọ̀wé.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá gba ọ̀nà yìí kọjá. Ìkẹ́nnẹ́ ni a bí i sí, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909. Baba rẹ̀ kú ní ọdún 1920, ọwọ́ ìdílé sì ṣẹ́kù díẹ̀. Ó di dandan kí ọmọ náà máa gbé lọ́dọ̀ ẹnìkan tẹ̀lé ẹlòmíràn ní Abẹ́òkúta, kí ó máa ṣe iṣẹ́ ilé fún wọn, kí ó má bàa kúrò ní ilé-ìwé. Ní ọdún 1927 ni ó wọ Wesley College ní Ìbàdàn. Ẹni yìí kan náà ni ó jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Iye àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí iye tí ó lé ní 811,000 ní ọdún 1955.

Ẹnìkan lè rò pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni yóò fi òpin sí gbígbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó ilé-ìwé kékeré ni ìjọba mú kúrò. Jíjìnnà ọ̀nà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ tí ó bá parí ìwé mẹ́fà ní abúlé, ìlú ni yóò ti rí girama tàbí ilé-ìwé módà, kò sì lè máa ti oko rìn dé ibẹ̀ lójoojúmọ́. Bí àwọn tí ó ń parí ìwé mẹ́fà ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ń wá ibi sùn ní ìlú ń pọ̀ sí i.

Ó yẹ kí a rántí ìwọ̀fà níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà kò dùn létí. Ìwọ̀fà ni ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ dúró fún èlé owó tí a yá. Àgbàlagbà tí ó jẹ́ ìwọ̀fà ń sùn ní ilé ara rẹ̀. Iṣẹ́ tí yóò ṣe fún olówó ní òṣùwọ̀n: iye ebè tí yóò kọ ni a mọ̀, nígbà tí ó bá sì kọ ọ́ tán, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀. Ọmọdé tí a fi sí ìwọ̀fà ni kò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú ilé olówó ni ó ń gbé, ẹni tí ó bá sì ń gbé inú ilé ni à ń pè nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá yọ. Ìjọba ti fi òfin mú ìwọ̀fà kúrò láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n pípe ọmọ nígbàkúùgbà kò bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin ọdún 13 kan. Kò sí lọ́dọ̀ ènìyàn burúkú. Agogo márùn-ún kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń jí. Ó ń pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, ó ń gbá ilé àti ìta, ó ń fọ àwo àná, ó ń gbé ògì kaná, ó ń wẹ ọmọ kékeré méjì, ó sì ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó tó ráyè wẹ̀. Nígbà tí ó bá fi dé ilé-ìwé, orin àárọ̀ ti parí. Ní agogo méjì àbọ̀ ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, yóò sì wà níbẹ̀ títí di agogo mẹ́fà àbọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kàn láti gbé ata lọ sí ilé ẹ̀rọ, láti se ọbẹ̀, láti ro ọkà, láti fọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ. Agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ ni ó ń ṣí ìwé, ìwé náà sì ni ó ń fi ṣe ìrọ̀rí. Ibi tí ó ń sùn ni ẹní kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ní pálọ̀.

Ẹ bá a ṣírò rẹ̀. Wákàtí méjì àbọ̀ láàárọ̀, mẹ́rin ní ọ̀sán, mẹ́ta ní alẹ́: wákàtí mẹ́sàn-án àbọ̀ lójúmọ́. Láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ó di wákàtí 47 àti ààbọ̀, kí a tó ka Sátidé, ọjọ́ tí aṣọ gbogbo ilé ń dúró dè é. Akọ̀wé ọ́fíìsì tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, 40 ni tirẹ̀, ó sì ń gba owó oṣù. Bí a bá fi ẹní ẹ̀gbẹ́ àga yẹn háyà, èló ni a óò gbà lórí rẹ̀?

Ìyá ilé náà, bí a bá bi í, yóò dáhùn pé, "Èmi náà ṣe é rí, kò pa mí." Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè dá a lóhùn, àwọn tí wọ́n bá a gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, kò sí ẹni tí ń bi wọ́n. Òwe wa kan wà pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ tí a rán ni a máa ń pa òwe yìí fún. A kì í pa á fún ẹni tí ó rán an.

Ní ti òfin, ọ̀rọ̀ náà kò ṣókùnkùn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ó sọ pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọdé sí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀ tàbí àárín ẹbí rẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹbí pàápàá, iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni òfin gbà láàyè, ó sì ka ẹrù tí ó lè pa ọmọ lára léèwọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ti sọ ọ́ di òfin tiwọn, Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Òfin tí ó gbógun ti òwò ènìyàn, èyí tí a tún ṣe ní ọdún 2015, sọ pé ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tí ó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 sí iṣẹ́ ilé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun ń ṣe àánú ni, nítorí òfin kò béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn.

Àwọn aládùúgbò wa ní Benin ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Àwọn Fọ̀n ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, vidomègon ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹnìkan. Orúkọ rere ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn alágbàtà wọ inú rẹ̀, tí wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń ṣèlérí ilé-ìwé àti ilé dáradára. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi Etireno tí ó padà gúnlẹ̀ sí Kútọnu pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú. Ní ọdún 2003, a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Benin kúrò nínú kòtò òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, ní ilẹ̀ tiwa níbí, tí wọ́n ń fọ́ òkúta. Ìlérí iṣẹ́ àti ìgbé ayé dáradára ni wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ òbí wọn.

Ti àwọn tí ó ti pé ọdún 18 yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ìrètí wà. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá ni ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Iléṣà àti ní Ìbàdàn lónìí tí ó jẹ́ ìyá àgbà kan ṣoṣo ni ó ń gbé inú rẹ̀, tí àwọn ọmọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, tí yàrá mẹ́ta sì wà ní títì pa. Ní ìlú kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì àti ti Pólì ń wá yàrá tí apá rẹ̀ kò ká. Bí ìyá bá fún un ní yàrá, tí òun náà ń bá a lọ sí ọjà, tí ó ń mú un lọ sí ọsibítù, tí ó sì wà nílé lóru, àǹfààní wà fún àwọn méjèèjì. Ní ìlú Deventer ní ilẹ̀ Netherlands, ilé àwọn arúgbó kan tí ń jẹ́ Humanitas fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́, láti nǹkan bí ọdún 2012. Ohun tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ san ni 30 wákàtí lóṣù, kí ó máa ṣe aládùúgbò rere fún àwọn àgbà. Ọmọbìnrin ọdún 13 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ń ṣe iye wákàtí yẹn tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Kì í ṣe pé kí a di Òyìnbó. Kí a kàn ní òṣùwọ̀n bí àwọn tí ń kọ ebè ṣe ní i. Kí àpótí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé, kí àwọn méjèèjì jókòó, kí ẹbí ìhà méjèèjì wà níbẹ̀, kí wọ́n sọ iye wákàtí tí iṣẹ́ yóò gbà lọ́sẹ̀ àti irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Ìtọ́jú aláìsàn kì í ṣe gbígbá ilé. Bí ìyá bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni kí a wá, kí a sì sanwó fún un. Ta ni yóò ra ọṣẹ, ta ni yóò san owó iná? Ṣé abọ́ kan náà ni wọn yóò máa jẹ? Nígbà ìdánwò, ṣé iṣẹ́ yóò dínkù? Ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ tí ó ju ti yàrá lọ, owó ni kí a fi kún un. Kí a má ṣe fi "o ti di ọmọ mi" dípò owó. Èyí tí àwọn ènìyàn sì ń gbàgbé jù ni bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe jáde: kí a sọ iye oṣù tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi sọ fún ẹnìkejì kí ó tó lọ, kí a má bàa lé ọmọ ọlọ́mọ sí ìta lóru nítorí àwo kan tí ó fọ́.

Ní ti àwọn ọmọdé tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ ẹbí, kí òbí má ṣe jẹ́ kí ọdún kan yípo kí ó tó wá wò wọ́n. Kí ó wá láìránṣẹ́, ní ọjọ́ ilé-ìwé, kí ó sì kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́ kí ó tó lọ sí ilé. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kíláàsì yóò sọ iye ọjọ́ tí ọmọ pẹ́ dé. Olùkọ́ tí ó bá rí ọmọ tí ń sùn ní ìjókòó lójoojúmọ́, kí ó béèrè agogo tí ó sùn kí ó tó na ọwọ́ sí pàṣán. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, àjọ NAPTIP tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 náà sì wà. Kì í ṣe òbí nìkan ni ó lè lọ bá wọn. Aládùúgbò tí ó ń gbọ́ igbe láti ẹ̀yìn ògiri lè lọ.