Wíwo Iṣẹ́ Ẹlòmíràn Kọ́

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ̀yin ará Oǹdó, àti ẹ̀yin tí ń bẹ ní abúlé oko kòkó gbogbo, àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìwòkọ́ṣe ni kòkó fi tàn ká ilẹ̀ yìí: àwọn alágbàṣe rí i ní oko Agége, wọ́n gbé irúgbìn rẹ̀ lọ sílé, aládùúgbò sì wò wọ́n kọ́.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì St Andrews, ní ilẹ̀ Scotland, fẹ́ mọ ìdí tí ìwòkọ́ṣe fi ń ṣe ẹ̀dá lóore. Wọ́n ṣe ìdíje kan. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà dá àwùjọ 100 ẹ̀dá àfọkànrò sílẹ̀, tí kò ní ara, tí kò sì mọ̀ ju òfin ìṣirò tí a kọ fún un lọ. Iṣẹ́ 100 ni wọ́n lè ṣe; èrè wọn kò dọ́gba, ó sì ń yí padà. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dá lè dán iṣẹ́ titun wò, tàbí kí ó wo ẹlòmíràn, tàbí kí ó fi èyí tí ó ti mọ̀ jèrè.

Òfin 104 ni àwọn olùdíje fi ránṣẹ́. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, àwọn tí ń wo ẹlòmíràn ni ó borí. Ìdí rẹ̀ ni pé èyí tí ó dára jù nínú ohun tí olúkúlùkù mọ̀ ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá wò ó, àṣàyàn ni ó rí. Ṣùgbọ́n òfin tí ó gba ipò kìn-ín-ní, ti Daniel Cownden àti Timothy Lillicrap láti Kánádà, tún ń ka ọjọ́ orí ìmọ̀: kì í gbára lé ohun tí ó ti rí tipẹ́ bí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan oko kòkó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àgbẹ̀ fi ń wo àgbẹ̀ da Gammalin 20 sí kòkòrò. Lindane ni ó wà nínú rẹ̀, májèlé tí kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ àti omi. Ní 2009, Àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ohun tí bàbá fi ṣe ọgbọ́n lánàá, ewu ni ó lè jẹ́ fún odò tí ọmọ ń mu lónìí.

Nítorí náà, ẹ máa wo iṣẹ́ ara yín kọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, “Láti ìgbà wo ni a ti mọ èyí?” Kí ẹnìkan ní abúlé kọ̀ọ̀kan sì máa tọ àwọn oníwádìí kòkó lọ, kí ó dán èyí tí wọ́n bá fi hàn án wò ní igun oko kan. Bí gbogbo ènìyàn bá ń wo ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò dán titun wò, àṣìṣe àtijọ́ ni wọn yóò máa fi lé ọmọ lọ́wọ́.