Ọmọ Ìbàdàn, Ǹjẹ́ Ẹ Mọ Ìbàdàn?

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti owó orí, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbádùn ni, ṣùgbọ́n ìgbádùn tí ó ní ìdí ni.

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ bá ọmọ Ìbàdàn òde òní wí mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dé oko bàbá gbogbo ènìyàn: wọ́n ti dé Èkó, wọ́n ti rí òkun, àwọn mìíràn sì ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Oko bàbá tiwọn gan-an ni wọn kò tíì rìn já.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Bàbá kan tí agboolé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní oko, yóò kó aya àti ọmọ wá sílé ní ọdún Iléyá tàbí ní Kérésìmesì. Wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀, wọn yóò gba ọ̀nà ilé lọ tààrà, wọn yóò kí àwọn àgbà, wọn yóò jẹ ẹran ọdún. Ní ọjọ́ kẹta wọn yóò tún wọ ọkọ̀ padà. Bí ẹ bá bi ọmọ wọn léèrè ohun tí ó rí ní Ìbàdàn, yóò dáhùn pé ariwo, ẹrẹ̀ àti ọkọ̀ akérò ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ohun kan tí yóò fà á padà wá ní ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kò bá sí mọ́. Báyìí ni agboolé ṣe ń di ahoro láìsí ogun: ilẹ̀kùn kan tì lónìí, òmíràn tì lọ́la, títí ajogún yóò fi ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn pé kí wọ́n bá òun ta yàrá tí ó kan òun.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú tí òkè àti ebi jọ tọ́ dàgbà ni Ìbàdàn. Ìtàn sọ pé nígbà tí wọ́n pa Ìbàdàn àkọ́kọ́ run, nítorí pé a tú àṣírí egúngún ní gbangba ọjà, Lágelú àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá gun orí òkè lọ. Èso òro ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ìgbín. Ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Oríkì ìlú náà kò fi èyí pamọ́ títí di òní olónìí. Àwọn ìlú mìíràn a máa fi ìlẹ̀kẹ̀ àti idẹ yangàn. Ohun tí Ìbàdàn jẹ ní ọjọ́ ìpọ́njú ni ó fi ń yangàn ní tirẹ̀. Àṣà ọdún Òkè Ìbàdàn, tí Abọ́kè jẹ́ olórí fún, sì ni pé a kì í dáná ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Ìbàdàn, nígbà náà, ohun méjì ni yóò ṣe: yóò gun òkè, yóò sì jẹun.

Òkè Àrẹ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Ilé ìṣọ́ kan wà lórí òkè náà tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 60. Ní 1936 ni wọ́n parí rẹ̀, ní ìrántí Robert Lister Bower, ológun Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba rẹ̀ fi ṣe Àjẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1893. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895. Bóyá nítorí èyí ni o, bóyá nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò rọ ahọ́n lọ́rùn ni, Láyípo ni ará ìlú ń pe ilé náà, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tí ó ń yí po, tí ó ń yí po, títí a ó fi yọ sí gbangba lókè. Orúkọ tí ará ìlú sọ ọ́ yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kí bàbá di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú bí wọ́n bá ti dé òkè, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Lẹ́yìn náà kí ó jẹ́ kí ojú ọmọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òrùlé páànù tí ó ti dípata ni yóò kọ́kọ́ rí, ọ̀kan lé ọ̀kan, láti orí òkè kan dé inú àfonífojì, láti inú àfonífojì dé orí òkè mìíràn, láìrí òpin wọn. Yóò rí ilé Ọlọ́run pẹ̀lú òpó rẹ̀, yóò rí mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú òrùlé rẹ̀ roboto, yóò rí Gbọ̀ngàn Màpó lórí òkè tirẹ̀. Ní ibí yìí ni kí bàbá na ìka kí ó sì wí pé, “Ọ̀hún ni agboolé wa wà.” Yàrá kótópó tí ọmọ náà sùn sí lánàá, tí ó rò pé inú ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ pin sí, yóò rí i nísinsìnyí pé ó ní ipò tirẹ̀ láàrin ìlú ńlá, àti pé bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, àlàfo yóò wà níbẹ̀. Kò sí ìwé tí ó lè kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí bí òkè náà.

Láti Òkè Àrẹ sí Màpó kò jìnnà. Ní 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, àwọn òpó gbàǹgbà-gbàǹgbà tí ó wà níwájú rẹ̀ sì tó ohun tí a ń dúró wò. Ọjà tí ó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni Ọjà Ọba, èyí tí wọ́n ti ń pè ní Ọjà Ìbà tẹ́lẹ̀, nítorí Ìbà Olúyọ̀lé.

Nígbà tí wọ́n bá fi máa sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Màpó, ebi yóò ti máa pa ọmọ, ó sì tọ́ kí ó pa á. Àwọn kan yóò wí pé ìtìjú ni fún ọkùnrin tí ó ní aya nílé láti jẹun níta, àti pé ohun tí olóúnjẹ ń sè, ìyá ilé lè sè é pẹ̀lú. Òtítọ́ ni pé ó lè sè é. Ṣùgbọ́n kí ìyá ilé náà jókòó ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún, kí ẹlòmíràn gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Òun gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ bù fún.

Àmàlà ni oúnjẹ tí a ó jẹ. Kì í ṣe pé kò sí iyán tàbí ẹ̀bà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àmàlà ni ìlú náà fi gba orúkọ. Ìsọ̀ olóúnjẹ wà káàkiri, ní Ọjà Ọba, ní Dùgbẹ̀, ní Mọ́kọ́lá, ní Bódìjà, láti orí bẹ́ǹṣì abẹ́ páànù títí dé ilé ńlá tí àwọn onímọ́tò ń tò sí. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó yà sí, ẹ wo ibi tí àwọn awakọ̀ àti àwọn alágbàṣe ń yà sí, nítorí owó wọn kò pọ̀, wọn kì í sì í fi í ṣòfò. Ẹ wo omi tí wọ́n fi ń fọ àwo, ẹ wò ó bóyá wọ́n da nǹkan bo ọbẹ̀ nítorí eṣinṣin. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó jókòó. Kí olúkúlùkù fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀; òkèlè kò mọ ọmọ ọba.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró wo bí wọ́n ti ń bù ú. Ìkòkò ràgàjì wà lórí iná, ẹni tí ó mú omorogùn ń ro ó, òógùn bò ó lójú, kò sì gbọdọ̀ dúró, kí èlùbọ́ má baà ṣe kókó. Ẹlòmíràn mú ìgbakọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ó fi gbé àmàlà tí ó ń gbóná fẹ̀lífẹ̀lí, ó yí i, ó sì balẹ̀ sínú àwo bí ẹni pé wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni gbẹ̀gìrì, èyí tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ewédú, ó tútù ní àwọ̀ ṣùgbọ́n ó gbóná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ẹran tàbí ṣàkì tàbí pọ̀nmọ́, bí àpò bá ti mọ. Èyí ni a ń pè ní abùlà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rántí Lágelú lè béèrè ìgbín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbín òde òní wọ́n ju ti orí òkè lọ.

Kò sí ìdí láti kọ́ ará oko bí a ti ń ṣe èlùbọ́. Ẹ̀yin ni ẹ ń wa iṣu, tí ẹ ń bẹ ẹ́, tí ẹ ń bọ̀ ọ́, tí ẹ ń sá a títí yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ọmọ yín mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yin àti àwọn ará Òkè Ògùn ni gbogbo ìgboro yìí ń dúró dè lọ́sàn-án? Ẹ sọ fún un níbẹ̀, nígbà tí òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n lọ sí Dùgbẹ̀ láti wo Ilé Kòkó. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 105, ọdún 1965 ni wọ́n sì kọ́ ọ parí. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni orúkọ tí ó kọ́kọ́ jẹ́, nítorí owó kòkó tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn tà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 1985, wọ́n sì tún un ṣe. Bí bàbá àgbà ọmọ náà bá ta kòkó nígbà ayé rẹ̀, kí wọ́n sọ fún un pé lára bíríkì ilé yìí jẹ́ tirẹ̀, kí ó gbé orí sókè, kí ó sì di fìlà rẹ̀ mú.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọgbà Àgọ́dì ni ibi ìsinmi. Owó ìwọlé wà, ṣùgbọ́n igi ibẹ̀ tutù, omi sì wà tí ọmọdé lè jókòó tì. Ọdún 1967 ni ọgbà náà ti wà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìlú, ó sì gbé púpọ̀ nínú ẹranko tí ó wà nínú ọgbà náà lọ. Ní 2014 ni wọ́n tó tún un ṣí. Àwọn tí ojú wọn rí omi náà ṣì wà nínú agboolé. Kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ wọn ní alẹ́.

Bí wọ́n bá ń padà bọ̀, kí wọ́n gba Sábó kọjá, níbi tí àwọn Háúsá ti ń yan sùyà lẹ́bàá ọ̀nà. Ìdì méjì ni kí wọ́n rà: ọ̀kan fún ọmọ tí ó ti rìn láti òwúrọ̀, èkejì fún ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gun Òkè Àrẹ mọ́, tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé, tí ó ń retí kí wọ́n wá ròyìn ohun tí wọ́n rí.