Owó Ìrànwọ́ Ní Iṣẹ́ Tirẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgbàgbọ́, Ìdílé àti Ìdúpẹ́ Lẹ́yìn Omíyalé

  Ẹ̀yin tí ẹ pàdánù ènìyàn, Olúwa yóò tù yín nínú. Ẹ̀yin tí ẹ pàdánù dúkìá, Olúwa yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún yín.

Ọmọ ni mo jẹ́ sí ọ̀pọ̀ nínú yín, n kò sì wá síbí láti kọ́ àgbà ní bí wọ́n ṣe ń ná owó. Alùfáà wa ló ní kí n wá dáhùn àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi wá nídìí tábìlì tí a ti ń kọ orúkọ. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́, ṣé kí a yọ ìdámẹ́wàá nínú owó ìrànwọ́? Èkejì, báwo ni ìdúpẹ́ ewu omi ṣe yẹ kó tó? Ẹ̀kẹta, ọwọ́ ta ni owó náà yóò wà nínú ilé? Mo fẹ́ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ fi ṣáájú.

Ohun náà ni ẹ̀rí tí à ń jẹ́. Láti ìgbà tí omi ti fà, àwọn kan ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àdúgbò báyìí ló fà á. Àwọn mìíràn ń sọ pé nítorí Ọlọ́run fẹ́ràn àwọn ni omi kò fi wọ ilé àwọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa, nítorí ẹni tó sin ọmọ rẹ̀ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn yín. Nínú Lúùkù orí 13, Jésù dárúkọ àwọn ènìyàn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó lù pa, ó sì jẹ́ kó yé àwọn tó ń gbọ́ ọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò pọ̀ ju ti àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Àwa ará Ìbàdàn ló yẹ kí èyí yé jù. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn afárá wó, ó sì lé ní 100 ènìyàn tó kú. Ohun tó ń fà á kò fara sin: òjò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi, pàǹtí tí a dà sínú odò àti gọ́tà. Ẹ̀yin tí omi kò wọlé yín, ẹ dúpẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìdúpẹ́ yín gbé igbálẹ̀ àti garawa lọ sí ilé aládùúgbò.

Ó wá kan ìdámẹ́wàá. N kò wá tako ìdámẹ́wàá. Ẹni tó ń san án, kí ó máa san án nínú èrè rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣí Diutarónómì orí 14. Ìbísí oko, ohun tí ilẹ̀ mú jáde lọ́dọọdún, ni wọ́n ní kí Ísírẹ́lì yọ ìdámẹ́wàá rẹ̀. Owó ìrànwọ́ kì í ṣe ìbísí. Ẹni tí omi ba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jẹ́, tí a wá fún lówó láti fi ra òmíràn, kò tíì jèrè kankan. Kò tiẹ̀ tíì padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní ìparí orí yẹn kan náà, wọ́n ní ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n kó ìdámẹ́wàá jọ sínú ìlú, kí ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó lè jẹ, kí wọ́n sì yó. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò ní wà lára àwọn tí ìdámẹ́wàá ń lọ bá. Lásìkò yìí, ẹ̀yin ni. Ọrẹ àwọn ará yín ní àwọn ìjọ mìíràn wà nínú owó tí ẹ ń gbà yìí. Wọ́n ti fi í fún Ọlọ́run kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ lò ó fún ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi í sílẹ̀, kí ọkàn yín má sì dá yín lẹ́bi.

Alùfáà wa mọ̀ pé n ó sọ èyí, ó sì fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé kí ẹ fi owó yìí gbin irúgbìn kí Ọlọ́run lè sọ ọ́ di ìlọ́po, ẹ fi sùúrù dá a lóhùn pé ẹ ti mọ ibi tí ẹ fẹ́ gbìn ín sí: ara ọmọ tó yẹ kó padà sí ilé-ìwé, àti orí àtẹ tí omi gbé ọjà rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè kejì ni ti ìdúpẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, mo ti rí ìdílé tó yá owó èlé láti fi ra aṣọ ẹbí, kí wọ́n sì fi se ìrẹsì fún ìdúpẹ́ ewu omi, nígbà tí ibùsùn wọn kò tíì gbẹ. Kí oṣù méjì tó pé, ẹni tó yá wọn lówó ti ń kan ilẹ̀kùn, ọmọ wọn sì ti wà nílé nítorí owó ilé-ìwé. Omi kọ́ ló kó wọn sínú wàhálà kejì yẹn.

Nínú Léfítíkù orí 5, ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀dọ́ àgùntàn lè mú ẹyẹlé méjì wá. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò sì ká ẹyẹlé lè mú ìwọ̀nba ìyẹ̀fun wá. Ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, síbẹ̀ Ọlọ́run wo bí apá olúkúlùkù ṣe gùn tó. Ṣé ti ìdúpẹ́ ni yóò wá sọ di gbèsè síni lọ́rùn? Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣe ìdúpẹ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ìdílé tí ọ̀rọ̀ kàn. Kí olúkúlùkù wọ aṣọ tó bá ní, kí ẹnikẹ́ni má dáná. Bí ẹnì kan bá sì sunkún nígbà tí a bá ń kọrin, ẹ má sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Síbẹ̀, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èsì ìbéèrè kẹta, ti owó nínú ilé.

Ẹ rántí opó inú Àwọn Ọba Kejì orí 4. Ọkọ rẹ̀ kú, gbèsè wà nílẹ̀, ẹni tí wọ́n jẹ lówó sì fẹ́ kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Ohun tí Èlíṣà bi í ni pé kí ló ní nínú ilé. Òróró díẹ̀ nìkan ló kù. Ó yá ìkòkò òfo lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra, wọ́n jọ ń da òróró náà. Nígbà tí gbogbo ìkòkò kún, wòlíì náà ní kí ó tà á, kí ó san gbèsè rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ ìyókù. Kò ní kí ó mú nǹkan kan wá fún òun. Iṣẹ́ ìyanu ni, síbẹ̀ ìṣirò wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe bíi tirẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ kà ohun tó kù. Ẹ mú ìwé kan, kí ọmọ tó mọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó lọ, ohun tó kù, ohun tí a jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ilẹ̀kùn. Kí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú jókòó papọ̀ kí a tó ná kọ́bọ̀. Orúkọ ẹnì kan la kọ sínú ìwé wa, àmọ́ owó gbogbo ilé ni. Ìjà tí a sábà máa ń parí nínú ìdílé lẹ́yìn omíyalé kì í ṣe ìjà owó tó kéré. Ìjà owó tí a fi pamọ́ ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín in. Ká ní ₦60,000 ni, tí ìyá sì ń ta ẹja gbígbẹ. Wọ́n lè mú ₦15,000 fún oúnjẹ àti fún fífọ kànga, kí wọ́n sì da oògùn apakòkòrò sí i kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. ₦30,000 padà sídìí ẹja. ₦10,000 lọ sídìí gbèsè. ₦5,000 wà nílẹ̀ de àìrótẹ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni, ilé kọ̀ọ̀kan ló mọ tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé owó ọ̀dà kò sí níbẹ̀. Ògiri tó mu omi gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí a tó kùn ún, nígbà tí yóò bá sì fi gbẹ, ẹja á ti mówó wọlé.

Ní ti gbèsè, ẹ má dúró kí olówó wá bá yín. Ẹ lọ bá a, ẹ fún un ní díẹ̀, kí ẹ jọ kọ ọjọ́ tuntun sílẹ̀. Ẹni tó ń dá èésú lè bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó ṣáájú. Ẹ má ṣe yá owó èlé láti fi san owó èlé.

Bí ìyá arúgbó bá wà nílé, ẹ fi í sínú ìṣirò. Nínú Máàkù orí 7, Jésù bá àwọn tó fi ọrẹ Ọlọ́run bojú kí wọ́n má bàa tọ́jú òbí wọn wí. Àmọ́ fún ẹbí tó ń pè láti ọ̀nà jíjìn pé òun gbọ́ pé ẹ gba owó, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé owó náà ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Àwa tí à ń pín owó náà ní ẹjọ́ tiwa láti rò. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó ọrẹ jọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, kò dá owó náà gbé. Kọ́ríńtì Kejì orí 8 jẹ́ kó yé wa pé àwọn ìjọ yan ẹni tí yóò bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àlébù kankan sí i. Nítorí náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi wá: èló ló wọlé, èló ló jáde, kí ló dé tí a kọ orúkọ ẹnì kan tí a kò kọ ti ẹlòmíràn? Ìrànwọ́ yìí kò ní owó ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ mú díẹ̀ wá kí orúkọ yín lè wọlé, ì báà ṣe òṣìṣẹ́ wa, ì báà ṣe olóyè ìjọ, ẹ fi tó alùfáà létí.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ gbàdúrà, ẹ ṣí ìwé, ẹ jọ kà á. Kí Ọlọ́run tó pa yín mọ́ nínú omi pa ìṣọ̀kan yín mọ́ nínú ilé, kí ó bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó sì rántí àwọn tí kò sí pẹ̀lú wa mọ́ àti àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ wọn. Àmín.