Yùríà Tó Ń Bá Atẹ́gùn Lọ

Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, tí àgbàdo sì ti yọrí, ajílẹ̀ yùríà ni púpọ̀ nínú àwa àgbẹ̀ ń dà sí i. Nínú àpò yùríà 50 kìlógíráàmù, kìlógíráàmù 23 ni náítírójìn, èròjà tó ń mú ewé dúdú minimini.

Bí a bá kàn fọ́n ọn sórí ilẹ̀, ọ̀rinrin yóò yọ́ ọ, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí nínú ilẹ̀ yóò sì sọ ọ́ di àmóníà, atẹ́gùn tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú. Bí oòrùn bá mú, kíá ló ń fò lọ.

Ewé pàápàá ń tú àmóníà jáde láti inú ihò wẹ́wẹ́ tó fi ń mí, àgàgà bí náítírójìn bá pọ̀ jù lára rẹ̀, tàbí bí ewé bá gbó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Nítorí náà, ẹ gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, ẹ da yùríà sí i, kí ẹ fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ilẹ̀ yóò di àmóníà mú. Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ajílẹ̀ ti wọ́n jù fún wa láti máa fi ta afẹ́fẹ́ lọ́rẹ.