Ẹyọ Kan, Ẹyọ Kan: Ọ̀rọ̀ lórí Tábà àti Àwọn Ohun Tí Ń Di Bárakú

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní Jọ́ọ̀sì, ní Búkúrù àti ní gbogbo àgbègbè yìí, ọ̀rọ̀ ara ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ọkàn ni pẹ̀lú.

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé ìwòsàn kí n wá fi òróró mímọ́ kun ọmọ ìjọ wa kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sì ti lé ní 30 ọdún tí ó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ìlú yìí. Àrùn jẹjẹrẹ ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá sọ gbólóhùn kan, yóò sinmi kí ó tó lè sọ èkejì. Ó ní, "Fadá, ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Ẹyọ kan, ẹyọ kan ni mo fi ra ibùsùn yìí. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ wa."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni a sin ín. Ní ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, dúró dè mí ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ fún mi pé òun náà ti ń fa sìgá, àti pé nígbà tí bàbá òun ń jà fún èémí nínú ilé ìwòsàn, ìta ni òun máa ń jáde sí láti lọ fà á. Kì í ṣe nínú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ti sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fún mi ní àyè láti sọ ọ́ níhìn-ín láìdárúkọ rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe yan ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni a máa ń sọ nígbà tí a bá ń bẹ̀rẹ̀? Ní ìlú òtútù yìí, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ ni pé sìgá ń lé òtútù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Níkótíìnì tí ó wà nínú tábà máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ a dínkù, ibẹ̀ a sì túbọ̀ tutù. Iná tí ó wà ní ẹnu kò dé ọwọ́.

Èkejì, wọ́n a ní ó ń fi ọkàn balẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ó dá wà ní ìdálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ èyí wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni tàkúté wà. Bí ènìyàn bá fa sìgá, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, níkótíìnì ti dé ọpọlọ, inú rẹ̀ a sì dùn díẹ̀. Kò pẹ́ tí agbára rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, ọpọlọ a sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè òmíràn. Ara kò ní í rọ̀ ọ́, inú a máa bí i, oorun a dá lójú rẹ̀. Bí ó bá tún fà á, a ní ọkàn òun balẹ̀. Ṣùgbọ́n àìbalẹ̀ tí sìgá mú wá ni sìgá ń gbé lọ. Ó dà bí olówó èlé tí ó yá ọ ní owó ní òwúrọ̀, tí ó wá sin ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì tún yá ọ ní òmíràn kí o lè fi san ti àkọ́kọ́. Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní bárakú nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, wọ́n a ní ẹyọ kan kò lè pa ènìyàn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Oríṣi kẹ́míkà tí ó wà nínú èéfín tábà lé ní 7,000, ó kéré tán 69 nínú wọn ni ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Ọ̀dà rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Èéfín olóró tí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde, tí ó ń pa ẹbí lójú oorun, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 1950 ni Richard Doll àti Austin Bradford Hill ti gbé ìwádìí wọn jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi hàn pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó tún ń fa àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn tí tábà ń pa lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 7, ó sì lé ní mílíọ̀nù 1 nínú wọn tí kì í fa sìgá, tí ó jẹ́ pé èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n fà símú. Ìwọ tí o ń fà á nínú yàrá, ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ ń bá ọ fà á.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2015 kò gbà kí a ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì gbà kí a tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹyọ kan ni owó ọmọdé ká. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀, ẹ rántí èyí.

Àwa Yorùbá tún ní ìdí mìíràn láti kórìíra ìgbèkùn yìí. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn oníṣòwò láti Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì máa ń kó tábà wá sí èbúté Ouidah àti sí àwọn èbúté mìíràn ní etíkun wa. Ewé tí kò dára tó láti tà ní ilẹ̀ Potogí ni. Wọ́n a fi omi ṣúgà ìrèké pa á, wọ́n a ká a bí okùn, wọ́n a sì fi ra ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí ilẹ̀ wa ni a fi tábà rà lọ sí oko ẹrú. Nígbà náà, ẹlòmíràn ni ó ń ta ènìyàn. Lónìí, ẹni tí ń fà á ni ó ń ta ara rẹ̀.

Sìgá nìkan kọ́. Aṣáà tí àwọn àgbà ń fi sí imú tàbí sí ẹnu kò ní èéfín, ṣùgbọ́n tábà náà ni, ó ń di bárakú, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹnu. Párága tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bàjẹ́. Tramadol jẹ́ oògùn ìrora tí dókítà ń kọ fún aláìsàn. Ẹni tí ó bá ń lò ó láti gbé ẹrù tàbí láti wa ọkọ̀ mọ́jú, gìrì lè gbé e, èémí rẹ̀ sì lè dúró. Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ṣe fòfin de oògùn ikọ́ olómi tí ó ní codeine ní ọdún 2018. Ìwádìí tí a gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé, láàárín ọdún kan, nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ni ó lo oògùn olóró ní Nàìjíríà. Ọmọ ẹnìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ǹjẹ́ ọ̀nà àbáyọ wà? Ó wà. Ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn sìgá ìkẹyìn, ìlù ọkàn a bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀. Láàárín ọdún 1, ewu àrùn ọkàn a di nǹkan bí ìdajì ti ẹni tí ó ṣì ń fà á. Lẹ́yìn ọdún 10, ewu ikú nípa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró náà a di nǹkan bí ìdajì. Dá ọjọ́ kan, kí o sì sọ ọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ. Àwọn ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù. Bí ìfẹ́ rẹ̀ bá dé, kò ní í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: mu omi, rìn jáde, gbàdúrà. Bí o bá ṣubú, dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọtí líle ti di bárakú fún gidigidi, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, nítorí gìrì lè gbé e; kí ó lọ rí dókítà.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìpàdé wa di ibi tí ọmọdé ti ń kọ́ ọtí àti sìgá. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe lé ọmọ tí ó bá sọ òtítọ́ jáde. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ́ wa pé tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni ara wa. Tẹ́ḿpìlì tí ó bá bàjẹ́, àtúnṣe ni a ń ṣe sí i, a kì í dáná sun ún.

Ọmọkùnrin yẹn ti lo oṣù méjì báyìí. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó wá sọ fún mi, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan, ẹyọ kan ni bàbá rẹ̀ fi wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kan ni òun ń fi jáde. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un, àti fún ìyá rẹ̀ tí ó ń ṣọ́ ọ. Kí Ọlọ́run tí ó mú wa wá sí ìdálẹ̀ mú wa padà dé ilé pẹ̀lú ìlera, nípa Kristi Olúwa wa. Àmín.